Sílè Inú Irun Dàda

Ẹyẹ ẹ̀rọ náà bà lé ojú fèrèsé, ó gbọn apá rẹ̀ méjèèjì, ó já àpótí kékeré kan sílẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tún fò padà sí ìhà òkun láì sinmi rárá. Àpótí náà kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mosúnmọ́lá nawọ́ sí i kíá, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà sáré fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ gbé tiyín sílẹ̀ ná."

"Ṣé mo fẹ́ gbé e sá lọ ni? Níbi tí ọjọ́ orí mi dé yìí?"

"Òfin ni mà. Ìrántí fún ìrántí. Tiyín gbọ́dọ̀ jókòó kí tiwọn tó ṣí."

Kúdírátù lorúkọ ọmọ náà. Òun ni Ilé Gbàǹjo fi ṣọ́ yàrá àyẹ̀wò tó wà lórí òkè Ìdànrè, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ra ohun àtijọ́ lórí ayélujára ti máa ń wá gba ẹrù rẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà kó tó bá wọn ṣe agídí.

Mosúnmọ́lá mí kanlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú bùbá rẹ̀, ó fa ìgò ohùn kan yọ, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ ti ń dán nítorí pé ọjọ́ kan kò lọ kí ọwọ́ má kàn án. Ihò kan wà lórí tábìlì fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ti ìgò náà bọ ibẹ̀, ihò náà gbá a mú, iná kékeré kan sì tàn yí i ká. Ó fẹ́ fà á yọ padà. Kò yọ mọ́.

"Kí ló wà nínú ẹ̀ mà?"

"Ohùn ìyá mi."

"Ẹ ní òmíràn nílé?"

"Òmíràn kẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá gbé mi ni?"

Kúdírátù rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ìbéèrè tí wọ́n ní kó máa bi gbogbo ènìyàn ni. Láti ìgbà tí àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń fi ohùn òkú pe àwọn alààyè lórí fóònù, tí bàbá tó ti wà nínú ilẹ̀ ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò, ni ìjọba ti fòfin de ṣíṣe ẹ̀dà ohùn. Ohùn kan, ìgò kan. Bí o bá gbé e fún ẹlòmíràn, o ti gbé e lọ nìyẹn, o kò tún ní gbọ́ ọ mọ́ láyé.

Ó tọ́ka sí ògiri tó kọjú sí wọn. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ní etí tí kò ní ojú, Arínú làwọn ará ìlú ń pè é. Bí ènìyàn bá parọ́ níwájú rẹ̀, ohùn onítọ̀hún á gbọ̀n, bó ti wù kó kéré mọ, Arínú á sì gbọ́. Lábẹ́ Arínú, ẹnu ààrò kékeré kan ń pọ́n wẹ́ẹ́.

"Ẹ ó yẹ owó yẹn wò," ni Kúdírátù wí, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ orin ilé ìwé, "bí ẹ bá ṣe tán, Arínú á bi yín. Bí ẹ bá ní ayédèrú ni, ẹ gba ìgò yín, owó á wọ iná, nítorí ìlú kò gbọdọ̀ fi irin ṣòfò. Bí ẹ bá ní ojúlówó ni, ẹ gba owó, olówó, ẹni tó fi owó ránṣẹ́, á gba ìgò. Kò sí ọ̀nà kẹta."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

"Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́ ni mà."

Àpótí náà ṣí fúnra rẹ̀, sílè kan sì wà nínú rẹ̀ lórí òwú tó ti rin. Sílè ayé àwọn òyìnbó ni, igi ọ̀pẹ lójú kan, orí ọba lójú kejì. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi ẹsẹ̀ ọ̀pẹ gan-an. Mosúnmọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Kúdírátù ti àga sí i nídìí.

Ẹ má ṣe bá Mosúnmọ́lá wí. Gbogbo àdúgbò ló ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ológbàǹjo. Láàárọ̀, kó tó bọ́jú, á ti wà lórí ayélujára, á máa wo owó àtijọ́ tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Kò rà. Ihò nìkan ló ń wò. Ibi tó ti ń wo ihò yìí ló ti mọ gbogbo ọgbọ́n àwọn oníjìbìtì. Ó mọ àwọn tó ń ya àwòrán owó láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n á ní kámẹ́rà àwọn ló bàjẹ́. Ó mọ àwọn tó ń fi ojú owó hàn tí wọn kì í fi etí rẹ̀ hàn láéláé, nítorí etí ni ojú ìdà máa ń wà, níbi tí ìlàjì méjì ohun tí wọ́n fi dà á ti pàdé nígbà tí wọ́n da irin gbígbóná sí i. Ó mọ àwọn tí gbogbo owó wọn ń dán bákan náà, tí ìfọ́ ara wọn rí bákan náà, bí ẹni pé inú ìkòkò kan ni wọ́n ti sè wọ́n. Nígbà mìíràn á kọ̀wé sí wọn, á ní, "Ẹ dákun, ẹ yí i padà kí n rí etí rẹ̀." Wọ́n á sá lọ bí eku.

Kì í ṣe owó ló ń wá. Dàda ló ń wá.

Dàda ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tó ní. Irun rẹ̀ ta kókó láti ọ̀run wá, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi abẹ kàn án. Ìyá wọn so owó ẹyọ mọ́ irun náà bí wọ́n ti máa ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò tó o. Ó wá lọ ra sílè kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ìdúmọ̀tà, ó ní kí ẹni gbogbo wá wo sílè fàdákà gidi, ayé àwọn òyìnbó, kì í ṣe idẹ tí wọ́n ń ná lẹ́yìn ìyẹn o! Ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ pé kó lu ihò sí ẹsẹ̀ ọ̀pẹ. Bàbá wọn pariwo. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ti dojú ọ̀pẹ kodò!" Ìyá wọn ní, "Ta ló ni irun? Bí ọmọ mi bá gbé e sókè wò, ṣebí á nàró fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóde, ẹ dorí yín kodò."

Lẹ́yìn náà ni òkun wá gba Èkó. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sórí òkè kò lè mọ bó ṣe rí. Ìyá gbé Mosúnmọ́lá lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ kan, Dàda sì di ọwọ́ aládùúgbò kan mú, ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ìyá bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ ìjì ti gbá aládùúgbò àti ọmọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tiwọn kọrí sí òkè. Ìkejì kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀. Títí tí ìyá fi kú, orí àpáta ló máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí á máa wo gúúsù. Bí ènìyàn bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kì í yí ojú padà.

Ohun tó kù lára ìyá ni ìgò yẹn. Aládùúgbò mìíràn ló ń dán ẹ̀rọ tuntun wò ní Èkó, kí òkun tó gbà á, ní ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ló bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Nígbà tí sílè yìí wá yọ lórí gbàǹjo, ẹni tó ń tà á kò kọ orúkọ, òfin kò sì gbà kó kọ ọ́. Ohun tó ń bèèrè nìkan ló kọ. "Ohùn ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀. Ohùn ènìyàn ni o, kì í ṣe ti ẹ̀rọ." Ọjọ́ méjì ni Mosúnmọ́lá kò fi jẹun dáadáa kó tó fọwọ́ sí i.

"Màmá," ni Kúdírátù wí, "ẹ bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní fún yín láyè títí lọ."

Mosúnmọ́lá gbé sílè náà sórí òṣùwọ̀n. Ó wo ohun tí òṣùwọ̀n sọ, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

"Ó fúyẹ́," ó ní.

"Bóyá ihò yẹn ni mà."

"Ihò kọ́. Kí ni ihò yọ lára ẹ̀ tó báyìí?"

Ó fi ìka mú un létí, ó fi igi lù ú díẹ̀. Fàdákà gidi máa ń kọrin, ohùn rẹ̀ á fà gùn wíínn, wàá rò pé kò ní dákẹ́. Èyí dún kọ̀, ó sì dákẹ́. Ó tún un lù. Kọ̀. Ó yí etí rẹ̀ sókè sábẹ́ dígí amúǹkan-tóbi, ojú ìdà sì wà níbẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ti fi ayùn rẹ́ kí ó má bàa hàn. Ihò wíwẹ́wẹ́ wà káàkiri ojú ọba, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà.

"Wọ́n ti rí mi mú," ó ní.

"Mà?"

"Èmi fúnra mi ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn olè yẹn pé, ṣé ẹ ní èyí tí ihò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pẹ, ṣé ẹ ní èyí tí ihò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pẹ? Ta ni kò gbọ́? Wọ́n lọ rọ ọ́ fún mi ni. Wọ́n rọ ọ́ bí ẹni rán aṣọ sí mi lára." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti dàgbà, n kò gbọ́n."

Ó dun Kúdírátù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ẹ má sunkún mọ́ mà. Ṣebí ẹ ti rí i kó tó pẹ́ jù? Ẹ sọ fún Arínú pé ayédèrú ni. Ẹ gba ìgò yín, kí ẹ máa lọ sílé lọ gbọ́ ohùn màmá yín. Olè ló pàdánù, ẹ̀yin kọ́."

Òótọ́ ni. Mosúnmọ́lá nu ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti kó owó burúkú náà padà sínú àpótí, ó sì rí ihò rẹ̀ lábẹ́ dígí, nítorí pé kò tíì gbé dígí náà kúrò.

Ihò náà kò rí róbótó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti gùn lọ sí ìhà etí owó, ó tẹ́jú, ó ń dán, kò sí ibi tó mú kankan lára rẹ̀, débi pé irin tó kù láàárín ihò àti etí kò ju fọ́nrán òwú lọ. Òwú ló jẹ ẹ́. Òwú àti irun àti ìmira orí ọmọ, ojoojúmọ́, fún ọdún gbọọrọ. Níbi tí òwú ti jẹ ẹ́, funfun ara rẹ̀ ti ṣí, pupa rúsúrúsú idẹ sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ imú. Nínú kòtò àárín imọ̀ ọ̀pẹ náà, ìdọ̀tí dúdú kan ti gan síbẹ̀, ó sì ń rùn wúyẹ́wúyẹ́. Àdín ni. Àdín tí wọ́n fi ń pa irun dàda.

Mosúnmọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in débi tí Kúdírátù fi dìde, tó wo ilẹ̀kùn.

"Mà, ṣé kò sí?"

"Wọ́n rẹ́ ìyá mi jẹ!" Mosúnmọ́lá ń fi ọwọ́ lu itan. "Yéè, màmá mi! Sílè fàdákà gidi, ayé àwọn òyìnbó! Gbogbo àdúgbò ni wọ́n pè wá wò ó! Ará Ìdúmọ̀tà yẹn ti ta idẹ fún wọn, wọ́n sì gbé e káàkiri bí ìgbà tí wọ́n bá gba oyè!" Ẹ̀rín náà di ẹkún láàárín ẹnu rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó yí. "Kúdírátù, òun ni. Ayédèrú ni wọ́n rà láti ilẹ̀. Sílè Dàda nìyí."

Kúdírátù wo owó náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Àmọ́ ayédèrú náà ni mà."

"Fọwọ́ kan ibí yìí. Wo bí òwú ti jẹ ẹ́ tó. Ọmọdé ni Dàda nígbà tí òkun gbà á lọ, ihò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ni nígbà náà, ó mú débi pé ó ń já òwú. Ṣé o rí i? Kò kú sínú omi. Ó so ó mọ́ irun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dàgbà pẹ̀lú irun rẹ̀ lórí, ó sì di àgbàlagbà. Ìyá mi jókòó sórí àpáta títí tí wọ́n fi kú, wọ́n rò pé ẹja ló jẹ ọmọ àwọn."

Ó bojú wo ẹnu ààrò tó ń kùn. Ìgbà yẹn ló tó yé òun fúnra rẹ̀ ohun tó kù fún un láti ṣe, ó sì ká a lára. Bí ó bá pè é ní ayédèrú, iná ni sílè ń lọ yẹn, ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ Dàda ti kàn. Bí ó bá pè é ní ojúlówó, ohùn ìyá rẹ̀ ń lọ nìyẹn, ohùn tó ń gbọ́ ní gbogbo àárọ̀ ayé rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohùn tó fi ń sùn lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Àárò ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ báyìí, nígbà tí ìgò náà ṣì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Màmá," ni Kúdírátù rọra wí, "ohùn ìyá yín lẹ fẹ́ gbé fún idẹ? Ẹ ro ó dáadáa o. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé ó pẹ́ láyé. Ìyẹn nìkan kò tó?"

"Kò tó." Ó na ìka kan, ó fi pa ara ìgò náà. "Èyí, mo ti gbọ́ ọ, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí mi. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mí, mo mọ ibi tí wọ́n ti bínú. Ti Dàda, n kò ní nǹkan kan. N kò rántí ojú ẹ̀ mọ́, Kúdírátù. Irun ẹ̀ nìkan ni mo rántí."

Arínú tan iná. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé ilé ẹjọ́.

"Mosúnmọ́lá ọmọ Adéṣùpọ̀, ẹ ti yẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín wò. Kí ni ẹ rí? Ayédèrú àbí ojúlówó?"

Kúdírátù mi orí sí i, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Ó mọ̀ pé idẹ ni. Arínú á gbọ́ ọ bí ohùn rẹ̀ bá gbọ̀n, iná á sì gba sílè náà bákan náà, wọ́n á tún fi òfin mú ìyá arúgbó.

Mosúnmọ́lá di sílè náà sínú àtẹ́lẹwọ́, ó pa á dé.

"Ojúlówó ni."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti dì í mú. Arínú ń gbé e yẹ̀ wò, iná rẹ̀ wá di àwọ̀ ewé. "Ó dára," ni ẹ̀rọ náà wí. "Olówó, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ tán, ẹ ní: mo gbà á."

Kúdírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

Ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ níbí, ẹni tó wà lójú omi lọ́nà jíjìn náà ń gbọ́ ọ. Òjò ń dún lókèèrè nínú rẹ̀, ìkòkò ń kan ìkòkò, ohùn obìnrin kan sì gba inú yàrá náà kan, ó ga, ó ní ìkanra díẹ̀, ó sì kún fún ìfẹ́.

"Dàda o! Dàda! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Mosún, pe ẹ̀gbọ́n rẹ kí ẹ kó aṣọ wọlé! Dàdaaa!"

Mosúnmọ́lá di ojú. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó gbọ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti mí, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan mọ́. Iná tó yí ìgò ká kú. Ó ti lọ.

Ẹni tó wà lójú omi kò sọ pé òun gbà á.

"Olówó," ni Arínú wí, "ẹ dáhùn."

Ìró omi tó ń kọ lu pákó nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àti èémí ẹnì kan tó ń sáré. Nígbà tí ohùn náà wá jáde, ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó sì ń gbọ̀n gidi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn," ó ní, "ta ló fún yín ní ohùn màmá mi?"

Kúdírátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ohùn wọn ni. N kò lè ṣì í gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, n kò rí i níbì kankan, a kò ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú ọkọ̀ wa, ohun tó jẹ́ kí n ta owó irun wọn nìyẹn, pé bí n kò bá rí tiwọn, kí n sáà gbọ́ ti ìyá ẹlòmíràn." Ó ń sunkún báyìí. "Ohùn màmá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dàda lorúkọ tiwọn. Kí ló dé tí wọ́n ń pe orúkọ ara wọn?"

Mosúnmọ́lá dìde. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ etí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "kì í ṣe ara wọn ni wọ́n ń pè. Ìyá wọn ló ń pè wọ́n."